Ṣúgà òdìkejì odò, àti àrokò tí ìfun ń fi ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ po tíì kó ti po ó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí orí tíì gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tí mo ń pè ní Màámi fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọn kì í ṣe ìyá tó bí mi, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Thamesmead mọ bí a ṣe ń di ọmọ ara wa níbí. Ọkùnrin inú fídíò náà gbé ike ṣúgà funfun kan sókè, ó ní allulose lorúkọ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń ṣe lòun náà ń ṣe. Ó ní kéèyàn ṣáà máa fi sí tíì, ebi á dínkù, àtọ̀gbẹ á rọlẹ̀. Ohùn Màámi wá tẹ̀lé e: "Ọmọ mi, ìwọ tó ò ń kàwé dókítà, ṣé òótọ́ ni? Abẹ́rẹ́ yìí ti sú mi. Ọmọ àbúrò mi lè bá mi mú u bọ̀ láti Amẹ́ríkà."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, dókítà ìwé lèmi fẹ́ dà o, kì í ṣe ti ọsibítù." Ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn ni mo ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé mi lé lórí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fi oògùn wọn sílẹ̀ títí wọ́n á fi rí nọ́ọ̀sì wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n wá fi kún un pé, "Ṣé irọ́ ni ọkùnrin yẹn ń pa ni, àbí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni ò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tó sì mú kó léwu nìyẹn. Irọ́ pọ́nńbélé ò ṣòro láti dá lóhùn. Òótọ́ kékeré tí wọ́n fà gùn ju bó ṣe yẹ lọ ló ń gba àlàyé. Mo ṣèlérí fún Màámi pé màá kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Òun rèé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú wa tó. Ẹ bá mi dúró létí odò ní Woolwich, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ ti ń gbé èèyàn àti ẹrù sọdá láti ọdún 1889. Tẹ́ ẹ bá wo òdìkejì, lọ́wọ́ òsì yín, ẹ ó rí ilé iṣẹ́ ńlá kan létí omi. Silvertown nìyẹn. Henry Tate, tó ti ń fọ ṣúgà ní Liverpool tẹ́lẹ̀, ló ṣí i ní ọdún 1878, ṣúgà onígun ló sì fi gbajúmọ̀. Láìpẹ́ sígbà náà, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Abram Lyle, kọ́ tiẹ̀ sí Plaistow Wharf, kò jìnnà síbẹ̀. Ìdílé méjèèjì bára wọn dupò títí di ọdún 1921, ìgbà yẹn ni wọ́n da òwò wọn pọ̀, tó di Tate & Lyle.

Ìrèké tí wọ́n ń fọ níbẹ̀ kò hù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti ilẹ̀ olóoru. Òwò ṣúgà sì ti wà kí wọ́n tó bí Tate; àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Caribbean ló fi òógùn àti ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tó yá, orúkọ Tate & Lyle kan náà la tún bá ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣúgà onígun. Nítorí náà, kì í ṣe àlejò ni ṣúgà yìí sí wa. Òkè odò là ń gbé, ìsàlẹ̀ odò la ti wá.

Ẹ fi ọdún 1921 yẹn sọ́kàn. A ń padà bọ̀ wá bá a.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ inú London lọ, sí University College, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1902. Ọkùnrin méjì wà nínú yàrá ìwádìí, William Bayliss àti Ernest Starling. Àna ni wọ́n jẹ́ síra wọn: Bayliss ló fẹ́ arábìnrin Starling. Ajá kan wà níwájú wọn tí wọ́n ti fi oògùn oorun kùn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ rèé. Tí oúnjẹ bá kúrò nínú àpò ikùn, tó wọ ìfun pẹ̀lú omi kíkan tó bá a wá, páńkíríàsì, ẹ̀yà ara gbọọrọ tó wà lẹ́yìn àpò ikùn, á tú omi tó ń da oúnjẹ jáde. Báwo ló ṣe mọ̀ pé oúnjẹ ti dé? Ní Rọ́ṣíà, ọ̀gbẹ́ni Ivan Pavlov, ògbóǹtarìgì lórí ọ̀rọ̀ ìdàjẹ oúnjẹ, ní iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé ìròyìn náà lọ. Àwọn tó pọ̀ jù sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Bayliss àti Starling gé gbogbo iṣan ìmọ̀lára tó so apá ìfun kan mọ́ ara ajá náà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n da omi kíkan sínú ìfun yẹn. Páńkíríàsì ṣì tú omi jáde! Wọ́n wá ha awọ inú ìfun náà, wọ́n fi omi kíkan àti yanrìn lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ajá. Láàárín ìgbà díẹ̀, páńkíríàsì tún tú omi jáde. Kò sí okùn kankan láàárín ìfun àti páńkíríàsì mọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ dé. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí ní secretin. Ní ọdún 1905, Starling wá lo ọ̀rọ̀ kan láti inú èdè Gíríìkì fún irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a ta nǹkan jí: họ́mọ̀nù.

Àwa mọ irú iṣẹ́ yìí. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọba lè so owó ẹyọ mọ́ ìyẹ́, kó fi rán ẹnì kan sí ọba mìíràn. Ìránṣẹ́ náà á gba àárín ọjà kọjá, gbogbo èèyàn lè rí ohun tó gbé dání, kò ní yé wọn. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló mọ̀ ọ́n tú. Àrokò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni họ́mọ̀nù ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká, tó ń kọjá lára àìmọye ẹ̀yà ara tí kò ní nǹkan bá a ṣe, títí á fi dé ọ̀dọ̀ èyí tó ní ojú tó lè kà á.

Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu nìyí: ọ̀kan lára àwọn họ́mọ̀nù àkọ́kọ́ tí wọ́n fún lórúkọ nínú ayé, inú ìfun ni wọ́n ti rí i. Kì í ṣe inú ọpọlọ, kì í ṣe inú ọkàn. Ìfun tí gbogbo wa rò pé páìpù lásán ni.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi ronú sí iwájú sí i. Bí ìfun bá lè pàṣẹ fún páńkíríàsì nípa omi ìdàjẹ, ṣé kò lè pàṣẹ fún un nípa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà? Ní ọdún 1906, ní Liverpool, Benjamin Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní ohun tí wọ́n yọ lára awọ ìfun ẹran mu. Kò yọrí sí oògùn. Ọdún 1921 wá dé. Ọdún tí Tate àti Lyle ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní London, ọdún yẹn náà ni Banting àti Best ń bá ajá ṣiṣẹ́ ní Toronto, tí ínsúlíìnì fi jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1922, wọ́n ti fún ọmọkùnrin kan lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Ayé yọ̀, ó sì tọ́ kó yọ̀. Àmọ́ ariwo ayọ̀ yẹn bo ohùn ìfun mọ́lẹ̀.

Ní 1932, Jean La Barre, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fún ìránṣẹ́ tí wọ́n ń wá yẹn lórúkọ: incretin. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì gbóná, àwọn onímọ̀ ní Chicago dán an wò, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí pé ó wà. Ó sì tán síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà, torí pé àìsí òṣùwọ̀n ló fà á. Ta ló fẹ́ mọ bí ínsúlíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n? Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1960, Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ní New York ti ṣe òṣùwọ̀n náà, ìyẹn ló sì mú kí ìbéèrè àtijọ́ tún jí.

Ìdáhùn jáde ní ọdún 1964, ní London níbí. Neil McIntyre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì da omi glúkóòsì sínú ìfun èèyàn, wọ́n wọn ínsúlíìnì. Wọ́n tún fún glúkóòsì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá rò pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń pe ínsúlíìnì á retí pé ti inú iṣan ló máa borí. Rárá o. Èyí tó gba inú ìfun kọjá ló mú ínsúlíìnì tó pọ̀ jáde, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ ga tó ti ìkejì. Ṣúgà kan náà ni o! Ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan rí irú ohun kan náà lọ́dún yẹn. Ìṣirò tó tẹ̀lé e fi hàn pé lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó bá jẹ ṣúgà, ó tó ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ínsúlíìnì tó jáde tó jẹ́ pé ìfun ló pè é. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé ìpè yìí ti rẹlẹ̀ gan-an lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa.

Ta wá ni ìránṣẹ́ náà? Wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan, GIP, ṣùgbọ́n òun nìkan ò tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ àbùdá tó ń ṣe họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ glucagon, wọ́n bá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n di àrokò méjì sínú aṣọ kan. Wọ́n pe ọ̀kan ní GLP-1. Svetlana Mojsov àti Joel Habener ní Boston, Jens Holst ní Copenhagen, wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1987, ikọ̀ Stephen Bloom ní ọsibítù Hammersmith, ní ìwọ̀ oòrùn London, fún èèyàn ní GLP-1, ínsúlíìnì sì ru sókè. Ní 1996, ikọ̀ kan náà tún fi hàn pé tó bá dé inú ọpọlọ eku, eku náà á dín oúnjẹ kù.

Inú awọ ìfun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe GLP-1 wà, wọ́n ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì L. Tí oúnjẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á tú u sílẹ̀. Á sọ fún páńkíríàsì pé kó tú ínsúlíìnì sílẹ̀, kìkì tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ga. Á sọ fún àpò ikùn pé kó rọra máa tú oúnjẹ sílẹ̀. Á gba iṣan vagus, okùn ńlá tó so ikùn mọ́ ọpọlọ, sọ pé ó tó. Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. GLP-1 wà lára àwọn tó ń lé ebi kúrò kí ọ̀rọ̀ mìíràn lè ráyè wọlé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: GLP-1 kì í pẹ́ láyé. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gé e sí wẹ́wẹ́. Láàárín bí ìṣẹ́jú méjì, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìránṣẹ́ tó ń kú lójú ọ̀nà kò ṣe é sọ di oògùn. Ní 1992, John Eng ní New York rí ohun tó jọ GLP-1 nínú oró alángbá aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Gila monster, tiẹ̀ ò tètè bàjẹ́. Ó di oògùn ní 2005. Àwọn ará Denmark gba ọ̀nà tiwọn, wọ́n fi nǹkan so GLP-1 mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè gé e, títí wọ́n fi dé orí semaglutide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017. Ìyẹn lè wà lára bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ Màámi fi jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ di ìyẹn mú: ìṣẹ́jú méjì, àti ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún Màámi wà láàárín méjèèjì.

Ṣúgà inú fídíò náà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká padà sí òdìkejì odò díẹ̀. Àwọn tó ń ta ṣúgà ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn èèyàn á fẹ́ adùn láìfẹ́ wàhálà tó ń bá a rìn. Ọ̀nà kan tí Tate & Lyle gbà kọjá nínú oko wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín rí, ǹjẹ́ ẹ mọ èso pupa tó máa ń wà nídìí rẹ̀? Lára kóró inú rẹ̀ ni ohun kan wà tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣègùn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855, ni wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko tí ìyá àwọn ìyá wa ti ń já ewé rẹ̀: Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, àwọn ará Netherlands yọ adùn inú rẹ̀, wọ́n pè é ní thaumatin. Tate & Lyle ló wá sọ ọ́ di ọjà tó ń jẹ́ Talin.

Àmọ́ thaumatin kì í ṣe ṣúgà. Purotéènì ni, bíi ti ẹ̀wà, ìwọ̀nba bíńtín tí wọ́n sì ń lò ò ju kó dùn lẹ́nu lọ. Ahọ́n ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí.

Allulose yàtọ̀. Ṣúgà gidi ni, ó wà lára àwọn ṣúgà tó ṣọ̀wọ́n: wọ́n wà láyé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ la lè rí nínú ọ̀pọ̀tọ́ tàbí èso àjàrà gbígbẹ. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ò yàtọ̀ rárá sí ti fructose, ṣúgà inú èso: kábọ́ọ̀nù 6, háídírójìn 12, ọ́síjìn 6. Ẹ fi wọ́n wé kọ́kọ́rọ́ méjì tí wọ́n rọ láti ara irin kan náà, tí eyín kan ṣoṣo kọjú síbòmíràn. Eyín kan yẹn ni ara wa ò fi mọ̀ ọ́n lò. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀, á sì bá ìtọ̀ jáde bó ṣe wọlé. Adùn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti ṣúgà tá a mọ̀. Agbára tó ń fún ara, kálórì 0.4 péré nínú gíráàmù kan ni àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kà á sí, ti ṣúgà lásán sì jẹ́ 4.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe wá dénú ike? Ní 1991, Ken Izumori, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kagawa ní Japan, rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú iyẹ̀pẹ̀ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, nítòsí ilé oúnjẹ wọn. Kòkòrò yẹn ní ẹ́ńsáìmù tó lè yí eyín kọ́kọ́rọ́ yẹn padà, kó sọ fructose di allulose. Látorí ìyẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ṣe é ṣe púpọ̀. Ní 2015, ilé iṣẹ́ kan kéde pé àwọn náà ti ń ta allulose ní Amẹ́ríkà. Ẹ lè fojú sùn ún: Tate & Lyle ni.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, mo ń wo Silvertown láti òkè odò, mo ní háà, ibí yìí náà ni? Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Láti 2010 ni wọ́n ti ta ilé iṣẹ́ ìfọṣúgà Silvertown àti orúkọ tó wà lára páálí ṣúgà fún American Sugar Refining. Ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan báyìí. Ọ̀kan ń fọ ìrèké lójú wa. Èkejì ń ta ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀.

Ní 2018 ni ọ̀rọ̀ ìfun wọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ ní Japan fún eku ní allulose, GLP-1 jáde láti inú ìfun, iṣan vagus gbé ìròyìn, eku dín oúnjẹ kù. Tí eku ò bá ní ojú tó ń ka GLP-1, tàbí tí wọ́n bá gé iṣan yẹn, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí Bayliss àti Starling: ọgbọ́n kan náà ni, ẹ gé ọ̀nà kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ṣì dé. Ní 2022, ní Basel, Switzerland, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín da gíráàmù 25 allulose sínú àpò ikùn àwọn tí ara wọn dá. GLP-1 jáde, họ́mọ̀nù méjì mìíràn tó ń mú kéèyàn yó sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n wá fi nǹkan dí ojú tó ń mọ adùn. Àwọn họ́mọ̀nù náà ṣì jáde. Ìyẹn ni pé kì í ṣe adùn rẹ̀ ni ìfun ń fèsì sí. Ohun tí ahọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ìfun mọ̀.

Òótọ́ inú fídíò náà nìyẹn. Ó tán síbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ò sọ.

Àkọ́kọ́, ṣúgà tá a ti ń fi sí tíì láti kékeré náà ń mú GLP-1 jáde. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní 1964 ti tọ́ka sí i. Ohun tí allulose fi yàtọ̀ ni pé ó jẹ́ kí ìfun fi àrokò ránṣẹ́ láìgbé ẹrù wá: ìròyìn dé, ṣùgbọ́n ṣúgà ò ru sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó dára ni. Ìrọ́pò ṣúgà tó dára ni a lè pè é. A ò lè pè é ní abẹ́rẹ́.

Ìkejì, GLP-1 tí ìfun fúnra rẹ̀ tú sílẹ̀, ti ìṣẹ́jú méjì ni. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kọjá lọ. Ti inú abẹ́rẹ́ wọlé, ó jókòó, ó sùn mọ́jú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní ìkan lè rọ́pò ìkejì kò tíì ka ìtàn wọn.

Ìkẹta, gíráàmù 25 tó bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Ta ló ń fi ṣíbí mẹ́fà sí ife tíì kan? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Korea, tó jáde ní 2018, ní kéèyàn má kọjá gíráàmù 0.4 fún kílò ara kan lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tó wọn kílò 70, gíráàmù 28 nìyẹn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè dé. Ìwọ̀n tó ń mú ìfun sọ̀rọ̀ àti ìwọ̀n tó ń mú ìfun bínú ò jìnnà síra wọn.

Ìkẹrin, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ tuntun ni òfin ka allulose sí, ó gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò àti àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó tà á. Ike tó bá ti inú báàgì ẹnì kan dé ọwọ́ yín, kò sí ẹni tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fún yín níbí.

Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, torí àtọ̀gbẹ ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú wa. Ó ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú, kódà láìtíì sanra tó àwọn aláwọ̀ funfun. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ìlera ilẹ̀ yìí fi ní kí wọ́n máa ka 27.5 sí ìsanrajù fún wa, nígbà tó jẹ́ 30 fún wọn. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí fídíò, ṣúgà rẹ̀ lè ru sókè ní ìdákẹ́jẹ́, kí ojú, ẹsẹ̀ tàbí kíndìnrín tó pariwo. Bí abẹ́rẹ́ bá sú yín, bó bá ń rìn yín ní èébì, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n lè gbà. Ẹ má dá a ṣe.

Màámi lọ rí nọ́ọ̀sì wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ náà kù díẹ̀ fún wọn, èébì ti lọ sílẹ̀. Mo ka gbogbo èyí fún wọn lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ọ parí. Wọ́n wá bi mí pé ṣé ṣúgà nìkan ni ìfun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Mo ní rárá o. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Cambridge fi hàn lára eku pé ohun tí àwọn kòkòrò inú ìfun ń ṣe nínú fáíbà oúnjẹ náà ń mú sẹ́ẹ̀lì L tú GLP-1 sílẹ̀. Fáíbà yẹn sì pọ̀ nínú ẹ̀wà.

Màámi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀wà. Ẹ̀wà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi láti ọjọ́ yìí." Wọ́n ní kí n wá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí n má sì ra ṣúgà kankan bọ̀.

Bí ẹ bá ní màámi tàbí bàbá kan tó ti rí fídíò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún wọn. Ire o.